Lẹ́tà ṣíṣí sí alága ìjọba ìbílẹ̀ wa: Kí ló dé tí ẹ ti igbó mọ́ àwọn ọmọ, tí ẹ sì ṣí i fún agégi?

Alága wa, okun o. Mo kí ẹ̀yin àti àwọn káńsẹ́lọ̀ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Mi ò ní dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ yín. Kàbbà/Bùnú ni o, Ìjùmú ni o, Mọ̀pà-Múró ni o, ọ̀kan nínú Yàgbà méjèèjì ni o, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn yóò mọ ara rẹ̀. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lábẹ́ yín. Ìwé tí a kọ sí ọ́fíìsì yín kò ní èsì títí di òní, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síta, kí àwọn òbí àti àwọn ọmọ Okun, àwa Yorùbá ìwọ̀-oòrùn Kogi, tó wà lẹ́yìn odi lè bá wa dá sí i.

Ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn pírínsípà ló fà á. Ìlà mẹ́ta péré ni: kí ilé-ẹ̀kọ́ kankan má ṣe kó ọmọ lọ sí orí òkè tàbí inú igbó ọba mọ́, nítorí ètò ààbò, títí a ó fi gbúròó yín. Nígbà tí ìwé náà dé, a ti gba owó bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ àwọn òbí, baálẹ̀ abúlé tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè ti gbà wá láyè, àwọn ọdẹ sì ti bá wa fẹnu kò sí ọjọ́ tí a ó lọ. A dá owó padà. Àwọn ọmọ bi mí léèrè ìdí, mo sì ka ìlà mẹ́ta náà sí wọn létí nítorí mi ò ní ohun mìíràn tí mo lè sọ.

Mi ò fi ọ̀rọ̀ ààbò ṣeré. Lójú ọ̀nà, lóko, nínú ilé ìjọsìn pàápàá, ojú ti rí nǹkan ní ilẹ̀ Okun láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn àgbẹ̀ mìíràn sì ti fi oko iṣu sílẹ̀ kí wọ́n má baà fi ẹ̀mí dí i. Bí ẹ bá sọ pé, “Ẹ fún wa ní oṣù mẹ́ta, a fẹ́ tú igbó yẹn wò,” èmi fúnra mi ni ǹ bá kéde rẹ̀ fún àwọn ọmọ lórí ìlà ní àárọ̀. Ohun tí ẹ kọ kò jọ ìyẹn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí nínú rẹ̀.

1. Igbó tí ẹ ní a ò gbọdọ̀ wọ̀ kò tì.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí ìwé yín dé, lọ́rì tó kó gẹdú ń gba iwájú ilé-ẹ̀kọ́ wa kọjá ní ìrọ̀lẹ́. Àpò èédú ń tẹ̀ lé wọn, lórí ọ̀kadà, lórí òrùlé bọ́ọ̀sì. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló ti inú igbó yẹn wá sí títì, òun náà ni àwọn ọmọ wa ì bá gbà wọlé. Ní ẹnu rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń já rìsíìtì fún ẹni tó bá gbé gẹdú jáde. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ ló wà lórí rìsíìtì náà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi.

Alága, ẹ bá mi rò ó. Bí ibẹ̀ bá léwu débi pé olùkọ́, òbí àti ọdẹ kò lè mú ọmọ débẹ̀ láàárín aago méje sí aago mọ́kànlá òwúrọ̀, báwo ni àwọn tó ń gbowó ṣe ń jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú? Bí kò bá sì léwu tó bẹ́ẹ̀, kí ni ìwé yín wà fún?

Ilé-ẹ̀kọ́ ní orúkọ gbogbo ọmọ tó fẹ́ wọlé. Ó ní nọ́ńbà fóònù ìyá wọn, ó mọ ìgbà tí wọ́n wọlé àti ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n jáde. Agégi kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó lè wá láti ibikíbi, kí ó pàgọ́ sínú igbó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó gbé ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀ wá àti ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Ẹni tí ẹ mọ̀ ni ẹ lé jáde. Ẹni tí ẹ kò mọ̀ ló kù sínú igbó.

Ìpínlẹ̀ Kogi kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí irú èyí. Ẹ ò tíì gbàgbé ìgbà tí òwò igi rosewood gbòde, tí wọ́n ń gé e ní ilẹ̀ wa àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, tí ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ sì ń lọ sí Ṣáínà. Ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó gẹdú tí wọ́n dá dúró ní èbúté Ṣáínà kí wọ́n tó fi ìwé àṣẹ láti Nàìjíríà tú u sílẹ̀ ní 2017. Ní 2018, àjọ CITES tó ń ṣọ́ òwò àwọn ẹ̀dá igbó káàkiri ayé ní kí àwọn orílẹ̀-èdè má ra rosewood Nàìjíríà mọ́. Igi tí àwọn bàbá wa bá láyé ni wọ́n fi ọdún mélòó kan gé tán. Ta ni ó jẹ nínú owó rẹ̀ ní abúlé? Ẹ dá mi lóhùn tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀nà abúlé náà ṣì wà bó ṣe wà, àfi kòtò tí àwọn tírélà gbẹ́ sí i.

2. Àwọn aládùúrà ń gun òkè kan náà ní òru Friday, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti gbohùngbohùn. Mi ò gbọ́ pé ẹ kọ ìwé sí ìjọ kankan. Mi ò sì ní kí ẹ kọ ọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má fi mí sun pásítọ̀. Mo kàn ń bèèrè ìdí tí òkè fi léwu fún ìwé kíkà ní ọ̀sán tí kò sì léwu fún àdúrà lóru.

3. Ìwé yín kò lé ajínigbé kankan jáde.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ wo Kainji Lake, páàkì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láti 1979, tí apá kan rẹ̀ wà ní Kwara, ìpínlẹ̀ tó bá wa pààlà. Lónìí, àwọn agbébọn ti sọ apá kan rẹ̀ di ibùba. Àwọn tó lọ wo ẹranko kọ́ ló mú wọn wá. Ilẹ̀ náà fẹ̀, ojú tó ń ṣọ́ ọ kò tó. Orúkọ tó wà lórí ìwé kò lè ṣọ́ igbó, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìlà mẹ́ta kò lè ṣọ́ ọ.

Ọdẹ tó ń mú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gun òkè ní sáà kọ̀ọ̀kan yóò mọ ẹsẹ̀ àjèjì lójú ọ̀nà. Yóò rí ibi tí ẹnì kan ti dáná sùn, yóò rí páálí búrẹ́dì àti ike omi níbi tí kò ti yẹ kí ó wà, yóò sì padà sọ fún baálẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Iṣẹ́ ọdẹ ni, kò sí ẹni tó ní láti kọ́ ọ. Àmọ́ ọdẹ kò lè máa wọ igbó lásán pẹ̀lú ebi nínú, nígbà tí ẹran kò tó pa mọ́. Bí owó àlejò bá ń wọlé fún un, yóò máa wọ̀ ọ́, ojú yóò sì máa wà níbẹ̀.

Ohun kan tún ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ òkè yìí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Nupe láti Bídà ń kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú wa sá gùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti là á já. Ní orí òkè wa, ojú ọlọ tí àwọn ìyá ìgbà náà fi lọ ọkà ṣì wà lára àpáta, ó jìn débi pé òjò máa ń dúró sínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n sá fún akónilẹ́rú lọ ni a wá ń sọ fún ọmọ-ọmọ wọn pé kí wọ́n má débẹ̀ mọ́, nítorí ajínigbé.

4. Ẹ̀kọ́ tí ẹ gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà kò sí nínú kíláàsì.

Síláàbọ́ọ̀sì jọ́gíráfì WAEC béèrè iṣẹ́ pápá ní àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ SS2 mi lè ya àwòrán òkè àpáta tó dá dúró ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ sí i lára bó ṣe yẹ. Àwòrán ilẹ̀ òkèèrè tó wà nínú ìwé ni wọ́n ń dà kọ. Òkè gidi ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ọ̀pọ̀ wọn kò fọwọ́ kàn án rí.

Bí mo bá mú wọn débẹ̀, màá fi ọwọ́ wọn kan ibi tí òkúta ti ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí èèpo àlùbọ́sà. Abẹ́ ilẹ̀ jíjìn ni òkúta yẹn ti tutù tí ó sì le. Ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ ti wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ìwúwo kúrò lórí rẹ̀, ara rẹ̀ tú, ó là. Oòrùn ọ̀sán ń mú un gbóná, òru ọyẹ́ ń mú un tutù, omi òjò ń wọ inú ẹ̀là náà, bẹ́ẹ̀ ni awọ rẹ̀ ń bó. Ohun aláwọ̀ eérú àti àwọ̀ ọsàn tó lẹ̀ mọ́ àpáta, tí gbogbo wọn rò pé ìdọ̀tí ni, ohun ẹlẹ́mìí ni. Òun ló ń jẹ òkúta díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di erùpẹ̀ ìkúùkù kan, koríko hù níbẹ̀, lẹ́yìn náà igi. Bí mo bá sọ èyí nínú kíláàsì, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá rí i lórí òkè, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, ohun tí mo sì ń wá nìyẹn.

Láti orí òkè ni ọmọ yóò ti mọ irú ilẹ̀ tí a bí i sí. Ìwọ̀-oòrùn Kogi wà níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Ní àfonífojì tí omi wà, ìrókò àti àràbà dúró. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, igi emi, irúgbá àti ayin ló gba ilẹ̀. Méjèèjì wà lójú kan náà. Bí a bá tẹ́ máàpù oníwọ̀n 1:50,000 sórí àpáta tí a sì kọ ojú rẹ̀ sí àríwá, ọmọ yóò rí i pé ìlà róbótó tó ń fún un ní orí fífọ́ nínú ìdánwò, òkè tí òun dúró lé lórí ni. Mo ti rí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóye èyí. Kò sí aago ìwé kíkà tó lè fún un ní irú rẹ̀.

Báyọ́lọ́jì náà ń bẹ níbẹ̀. Òwáwà tí wọ́n ń gbọ́ igbe rẹ̀ lóru tí wọ́n rò pé iwin ni. Àtíòro. Ìyàtọ̀ láàárín iná ìgbẹ́ tí wọ́n dá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀ tí iná kò lágbára, àti èyí tí wọ́n dá ní February, tó ń jó ọmọ igi kú pátápátá. Igún ńkọ́? Àwọn òbí wọn mọ igún lórí òrùlé ilé ìpẹran. Àwọn ọmọ mi kò mọ̀ ọ́n àfi nínú òwe. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìtọ́jú ẹ̀dá igbó, ti fi igún wa sí ìsọ̀rí àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n pa rẹ́ láyé, nítorí májèlé àti òwò orí igún fún oògùn. Láti orí òkè, wọ́n lè wo ojú ọ̀run bóyá wọn yóò rí èyí tó bá kù.

Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́, inú ọmọ máa ń dùn lórí òkè. Mi ò rò pé ó yẹ kí n wá àwíjàre fún ìyẹn.

Ẹnì kan ní ọ́fíìsì yín sọ fún wa pé kí a kó wọn lọ sí Mount Patti ní Lọ́kọ́ja. Ibi tó dára ni, mo mọ̀ ọ́n. Ilé Lugard wà níbẹ̀, a sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ nípa Flora Shaw tó dábàá orúkọ Nàìjíríà nínú ìwé ìròyìn The Times ní 8 January 1897. Àmọ́ ẹ ṣírò owó ọkọ̀ ọmọ ogójì láti apá Ẹ̀gbẹ̀ dé Lọ́kọ́ja ní àlọ àti àbọ̀, kí ẹ sì sọ fún mi, láàárín ojú ọ̀nà yẹn àti òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa, èwo ni òbí ń bẹ̀rù jù.

5. “Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni igbó ọba.”

Èyí ni ìdáhùn tí a gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Òtítọ́ ni, ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí igbó ọba. Ṣùgbọ́n ẹ ò rántí ìyẹn nígbà tí ẹ ń tẹ rìsíìtì gẹdú. Ìwé òfin 1999, ní Àfikún Kẹrin, kọ ọ́ sílẹ̀ pé títọ́jú ọgbà àti gbangba ìtura wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì fún yín ní ipa pẹ̀lú ìpínlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀, yàtọ̀ sí ìwakùsà. Òkè wa pàápàá, kì í ṣe igbó ọba. Ìdí rẹ̀ ń di pílọ́ọ̀tì lójoojúmọ́, ẹ sì ń fọwọ́ sí pílánù.

Ní 2020, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i kí igbó mẹ́wàá di páàkì orílẹ̀-èdè. Oba Hill ní Ọ̀ṣun wọlé. Kampe ní Kwara wọlé. Kogi kò ní ẹyọ kan. Odò Kampe kò sì mọ ibi tí Kwara parí sí: omi rẹ̀ ni wọ́n sé sí ìdídò (dáàmù) tó ń jẹ́ Omi ní Yàgbà West, òun ni wọ́n fi ń rin oko ní Ejiba. Bí igbó tó wà ní apá Kwara bá tó tọ́jú lójú ìjọba àpapọ̀, kí ló dé tí èyí tó wà ní apá tiwa fi jẹ́ ti èédú? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Alága márààrún ilẹ̀ Okun ló yẹ kí wọ́n jọ gbé e lọ sí Lọ́kọ́ja, àti sí ọwọ́ àwọn aṣojú wa ní Àbújá.

6. Owó.

Láti 11 July 2024 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Mi ò mọ èyí tó ti dé ọwọ́ yín nínú rẹ̀, mi ò sì ní fi ẹ̀sùn kàn yín. Ohun tí a ń bèèrè kò tó owó asia àti kánópì ọjọ́ ayẹyẹ kan. Ní Lekki, igbó hẹ́kítà 78 péré ni Nigerian Conservation Foundation ti ń tọ́jú láti 1990, tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń wọ́ lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ tí wọ́n sì ń sanwó. Mi ò sọ pé kí ẹ kọ́ afárá sókè igi bí ti wọn. Ní Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta ló gun òkè lọ sí ìlú àtijọ́. Tiwa kò nílò ju kí wọ́n ṣán ọ̀nà lọ, kí wọ́n sì fi ọ̀dà funfun sàmì sí ara àpáta kí ẹnikẹ́ni má baà ṣìnà. Ní Ògìdì, nígbà ọdún iṣu, àlejò ń ti Èkó àti òkè òkun wá wo òkè àti àṣà wa láì sí ìwé káńsù tó pè wọ́n. Wọ́n á wá, wọ́n á ná owó, wọ́n á lọ.

7. Ohun tí a fẹ́.

A fẹ́ kí ẹ fagi lé ìwé ìlà mẹ́ta yẹn, kí ẹ sì fi èyí tó ní ìlànà rọ́pò rẹ̀. Ẹ kọ sínú rẹ̀ irú ìrìn-àjò tí ẹ fàyè gbà: ojúmọmọ nìkan, láàárín November sí March tí àpáta kò yọ̀, kí gbogbo ẹsẹ̀ sì ti kúrò lórí òkè kí oòrùn tó le. Bí òjò bá ti ṣú, kò sí gígun, nítorí ààrá máa ń wá ibi tó ga. Àgbàlagbà kan fún ọmọ mẹ́wàá. Ọdẹ méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, kí DPO àti baálẹ̀ mọ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹnì kan sì dúró níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ọmọ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí a má sín in ní gbẹ́rẹ́, kí a má fi okùn dì í, kí ọkọ̀ ti wà ní ìsàlẹ̀ láti gbé e lọ sí ọsibítù tí a ti bi léèrè tẹ́lẹ̀ pé oògùn oró ejò wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìròyìn burúkú wà, a kò ní lọ, a ó sì sún un síwájú. Àwa olùkọ́ ló kọ́kọ́ ń ronú lórí gbogbo èyí, ẹ̀yin kò bi wá.

A fẹ́ kí ẹ san owó iṣẹ́ fún àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ òkè àti igbó, lóṣooṣù, kì í ṣe owó ọtí.

A fẹ́ kí ẹ dá rìsíìtì gẹdú dúró ní ẹnu ọ̀nà yẹn títí a ó fi mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gégi àti iye igi tó ń gé. Bí ẹ kò bá lè ṣe èyí, ẹ ti igbó náà pa fún gbogbo wa. A ó gbà. Ohun tí a kò ní gbà ni kí a tì í mọ́ ọmọ kí a ṣí i fún ẹ̀rọ.

Ètò ìrìn-àjò tiwa, ojú ìwé méjì, wà lórí tábìlì akọ̀wé yín. Orúkọ àwọn ọdẹ wà nínú rẹ̀, ìfọwọ́sí baálẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ òbí wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí nǹkan bá wà nínú rẹ̀ tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, a ó tún un ṣe. Ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé fún sáà tó ń bọ̀ ni màá wá gbà á.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Olùkọ́ jọ́gíráfì kan ní ilẹ̀ Okun